KÁMBÁÀSÌ KÌ Í ṢE BÀTÀ ỌMỌDÉ NÌKAN

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Awuyewuye ti ń lọ láàárín wa lórí kámbáàsì. Àwọn àgbà kan ní bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù ni, pé kò yẹ ìyá ọlọ́jà tó wọ ìró àti bùbá. Àwọn ọ̀dọ́ ní òun ni ẹsẹ̀ àwọn gbà. Ti àwọn ọ̀dọ́ ni àwa tí à ń kọ ìwé yìí fara mọ́, ṣùgbọ́n a ní àlàyé tí a ó ṣe, torí kì í ṣe gbogbo kámbáàsì tó wà lórí àtẹ ló yẹ kí èèyàn fowó rà.

Ẹ wo ibi tí à ń gbé ná. Ẹni tó bá ti Pópó Yemọja gun òkè Mápó, tó sọ̀ sí Ọjà'ba, tó tún lọ sí Bẹẹrẹ, mọ̀ pé ìgunkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Òkúta, ìṣó, igo fífọ́, omi ẹja, gbogbo wọn ni ẹsẹ̀ ń bá pàdé. Sálúbàtà tí ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀ kò bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn nọ́ọ̀sì a máa kìlọ̀ fún un pé kó má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kó sì yẹ inú bàtà wò kó tó wọ̀ ọ́, torí egbò kékeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lè di ńlá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ oge kọ́ là ń sọ.

Kámbáàsì kì í ṣe ohun àná. Aṣọ líle lókè, rọ́bà nísàlẹ̀, òun náà nìyẹn. Láti 1917 ni iléeṣẹ́ Converse ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe All Star, tí àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n fi ń ṣeré. Ohun tó mú kí irú bàtà bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ni ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Charles Goodyear rí ní 1839, pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, kò sì ní gan nínú òtútù. Imí ọjọ́ tí àwọn lẹ́kúlẹ́jà wa ń tà yìí náà ni o! Bàtà tí wọ́n bá fi iná sè báyìí, tí rọ́bà àti aṣọ jọ lẹ̀ pọ̀, kì í tètè ya. Èyí tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lásán, bí òjò méjì bá pa á, ẹnu rẹ̀ a là.

Báwo la ó ṣe mọ èyí tó dára? Ẹ̀kínní, ẹ tẹ bàtà náà. Ibi ọmọ ìka ló yẹ kó ti tẹ̀, kì í ṣe àárín. Èkejì, ẹ wo ibi tí aṣọ ti pàdé rọ́bà. Bí èékánná bá lè wọ ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ yọ ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀. Bí páálí lẹ bá bá níbẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ̀kẹrin, ẹ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹ rí ilà tó jinlẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó yọ̀. Ẹ̀karùn-ún, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ látàrí ìdúró. Ẹ wọ méjèèjì, ẹ dìde dúró, kí àyè bí àtàǹpàkò kan kù níwájú.

Òkìrìkà ńkọ́? Ó lè dára, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń gbẹ, kódà bí wọn kò wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ rí sísán, ẹ má tan ara yín.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ọlọ́jà. Ká ní ẹnì kan ra ti 6,000 náírà, tó lò ó fún oṣù méjì, 3,000 ló ń ná lóṣù. Ká ní ẹnì kejì ra ti 15,000, tó lò ó fún oṣù mẹ́wàá, 1,500 ló ń ná. Ta ló ra pọ́ọ́kú nínú wọn?

Kámbáàsì ní àléébù tirẹ̀ o. Omi ń wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ a máa làágùn nínú rẹ̀, bí a kò bá sì sá a gbẹ dáadáa lẹ́yìn fífọ̀, òórùn ni. Ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kò ní tìmùtìmù. Ẹni tó ń dúró látàárọ̀ dalẹ́, kó fi ìtẹ́sẹ̀ tó nípọn sí i.

Ó wá ku ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà láàárín wa. Àwọn kan ń lẹ orúkọ òyìnbó mọ́ bàtà tí òyìnbó kò ṣe. Kí ló dé? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọjà Ariaria ní Aba ń ṣe bàtà tó ń kúrò ní Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ní oṣù karùn-ún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó ń ṣe adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí àṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa kọ́kọ́ ra ọjà tí a ṣe nílé. Bàtà Aba tó dára, ẹ pè é ní bàtà Aba, ẹ ó rí i tà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìyá tó ra bàtà onípáálí lọ́wọ́ yín lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lẹ ó ti ra ata lọ́la.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún nìyí: kí oníbàtà jẹ́ kí oníbàárà yọ ìtẹ́sẹ̀ wò kó tó sanwó, bí bàtà tuntun bá sì ya láàárín ọjọ́ méje, kó pààrọ̀ rẹ̀ láìsí ariwo. Kí àwa tó ń gba alábàárù náà wo ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ tó ru ẹrù wa gun òkè Mápó kò yẹ kó máa fi sálúbàtà jíjá rìn.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó gbé e wá sí ìpàdé. Ẹsẹ̀ wa kò ní kọsẹ̀ o. Àṣẹ.