Ìbọn Ọdẹ Kì í Gbé Abẹ́ Agbádá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ojú rẹ̀ sí òun?" Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n àkókò tí a wà yìí ni ìtumọ̀ rẹ̀ hàn jù lọ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti sọ igbó wa di ibùba, ọ̀rọ̀ ìbọn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan. Olùkọ́ ń sọ ọ́, oníṣòwò ń sọ ọ́, ọmọ ilé-ìwé gíga tí kò mọ ojú ọ̀nà oko bàbá rẹ̀ pàápàá ń sọ ọ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn sì ń bèèrè kì í ṣe ìbọn gígùn tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká. Ìbọn kúkúrú ni wọ́n ń wá, èyí tí ó lè wọ inú àpò, tí ó lè sùn sí abẹ́ ìjókòó mọ́tò, tí agbádá lè bò mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Èmi kò dá ẹni tí ẹ̀rù ń bà lẹ́bi. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n pa ọba Kòrò nínú ààfin rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n kọlu Òkè-Òde, tí wọ́n sì pa nínú àwọn tí ń ṣọ́ igbó fún ìlú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni wọ́n wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkù, tí wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú èyí tí kò sì ronú nípa ààbò ara rẹ̀, ojú oorun ni ó wà. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìbọn tí a ń fi pamọ́ fún aládùúgbò kò lè gba ìlú là. Àṣà wa lòdì sí i kí òfin ìjọba tó dé, òfin sì wá bá àṣà lórí ìjókòó. Ẹni tí yóò bá ní ìbọn, ìbọn tí ojú mọ̀ ni kí ó ní, pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ wa. Ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa ni pé ọmọ Odùduwà tí ó tẹ Ìlá dó gba ogbó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tí ó ń jáde ní Ilé-Ifẹ̀, ogbó yìí ni ó sì ń là igbó níwájú rẹ̀ títí ó fi dé ibi tí yóò dúró sí. "Ogbó mi mọ̀nà" ni wọ́n sọ, òun ni ó di Ìgbómìnà. Ẹ ò rí i pé ohun ìjà ni ó sọ wá lórúkọ? Ṣùgbọ́n irú ohun ìjà wo? Èyí tí ó ń lọ níwájú ni, tí gbogbo èrò ẹ̀yìn ń wò ó. Wọn kò fi í sí abẹ́ aṣọ.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Èsìẹ́. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ilé tí a kó wọn sí tí ó ṣí ní ọdún 1945 ni ilé àkójọ ohun àtijọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn ìlú náà ní ọdẹ ni ó kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó, Baragbọn ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo àwọn ère náà dáadáa yóò rí àwọn tí wọ́n di apó ọfà mọ́ ẹ̀yìn, yóò rí àwọn tí wọ́n di idà mú. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ wọn ti gbé ayé kí ìbọn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀ ohun ìjà wọn hàn lójú, ó sì jẹ́ ara iyì wọn. Akọni a máa gbé ohun ìjà rẹ̀ sí ibi tí ojú ti lè rí i, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ kí a mọ òun.

Ogun ni ó sọ ìbọn di púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ogun Èkìtìparapọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a kò tú ibùdó rẹ̀ ká títí di 1893, àwọn Ìgbómìnà wà lára àwọn tí wọ́n kojú Ìbàdàn. Kírìjí tí a ń pe ogun náà, ìró ìbọn ni. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti rí agbára ìbọn Snider, tí à ń kì láti ìdí, tí ó ń yára ju ṣakabùlà lọ. Nígbà tí ogun parí, ẹgbẹ́ ọdẹ ni ìbọn kù sí lọ́wọ́ jù lọ. Ẹgbẹ́ yìí kì í sì ṣe ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu. Ó ní Olúọdẹ, ó ní Aṣípa, ó ní ìlànà. Olúọdẹ mọ ẹni tí ó ní ìbọn, ó mọ irú èyí tí ó ní, ó sì mọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á ṣípà rẹ̀, ohun èlò ọdẹ rẹ̀ á sì jáde ní gbangba. Ìbọn kò ní ibi tí yóò sá gbà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ọdẹ ṣe ń yan ìbọn? Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ èyí. Ọdẹ kì í bèèrè bí ìbọn yóò ṣe sápamọ́. Ohun tí ó ń bèèrè ni bí yóò ṣe bá èjìká òun mu, bí apátí rẹ̀ ṣe ń dáhùn, bí irin ọ̀pá rẹ̀ ṣe nípọn tó, àti ẹni tí ó rọ ọ́. Gígùn tí ọ̀pá ṣakabùlà gùn kì í ṣe fún ẹwà. Inú ọ̀pá náà ni ẹtù ti ń jóná tí ó fi ń ti ọta síwájú. Bí ọ̀pá bá kúrú jù, ẹtù kò ní jó tán kí ọta tó jáde: iná ẹnu ìbọn á pọ̀, ariwo á pọ̀, agbára ọta á sì dínkù. Ọ̀pá gígùn tún ń ran ojú lọ́wọ́ láti wo ọ̀gangan ohun tí à ń yìn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìbọn gígùn kò rọrùn láti yí sí ẹlòmíràn nínú ìbínú. Ẹni tí ó gbé e gbọ́dọ̀ dúró, kí ó gbé e sókè, kí ó sì ronú. Ìbọn kúkúrú kò fún ènìyàn ní àyè ìrònú yẹn. Ní ti èyí tí àwọn kan ń rọ ní ìkọ̀kọ̀ láti inú páìpù tí a kò mọ ibi tí ó ti wá, ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Wàyí o, kí ni òfin wí? Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìn-ín-ní ni àwọn tí a kà léèwọ̀. Ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, ráífù àwọn ológun wà níbẹ̀, gbogbo ìbọn ìléwọ́ sì wà níbẹ̀, títí kan ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tí òkúta ń ṣáná sí. Àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè jẹ́ kí ènìyàn ní wọn. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó tí kì í kì ara rẹ̀, àti ráífù ìṣọdẹ tí ìwọ̀n ọta rẹ̀ kì í ṣe ti ológun. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún àwọn ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ èyí ti ń wá. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń kì láti ẹnu, Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ó ń fọwọ́ sí ti àwọn wọ̀nyí. Ẹ kíyè sí i pé bí ìbọn ti ń kúrú tí ó sì ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí yóò fún ni láṣẹ ń ga sí i. Ẹni tí a bá sì ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ, òfin ọdún 1984 ní kí ó san ₦20,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú òfin 1959 ni àwọn ènìyàn márùn-ún tí ó ní a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé àṣẹ. Èkíní ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Èkejì ni ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, bí ọ̀mùtí. Ìkarùn-ún ni ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ mú òfin yìí lọ ka fún Olúọdẹ èyíkéyìí ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́, yóò bi yín pé ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn fún òyìnbó. Ọmọdé kì í gbé ìbọn láìsí ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀. Aṣiwèrè kì í ṣọdẹ. Ẹni tí kò lè mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ìgalà ní àṣálẹ́ kò ní ohun tí ó ń wá nínú igbó. Ọ̀mùtí àti oníjà, ẹgbẹ́ ni yóò gba ìbọn lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé àṣẹ jẹ́ àṣà àjèjì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní àwọn agbébọn kò gba láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó kó ìbọn arọ̀jò-ọta wọ ìlú, èé ṣe tí olóòótọ́ yóò fi máa tò sí ẹnu ọ̀nà ọlọ́pàá? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tí ó bá sọ pé ṣakabùlà kan tó láti kojú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ìbọn kúkúrú abẹ́ agbádá kò tó pẹ̀lú, nítorí pé kò lè yìn jìnnà, ẹni tí ó ní i kò sì lè bá ẹlòmíràn ṣètò, nítorí pé àṣírí ni. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: àwọn ọdẹ tí wọ́n mọ ara wọn, tí wọ́n mọ ojú ọ̀nà igbó, tí ìjọba mọ̀ tí ó sì ń ràn lọ́wọ́, ni wọ́n lè gbọ́ ogun kí ó tó dé. Bí ọlọ́pàá tàbí sójà bá pàdé ọkùnrin kan lóru tí ó fi ìbọn pamọ́ sára, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ajínigbé? Bí ogun bá sì lọ tán, ìbọn ìkọ̀kọ̀ kò ní bá a lọ. Inú ìjà ilẹ̀ ni yóò ti jáde, inú ìjà oyè, inú ìjà òṣèlú, láàrin ọmọ ìyá.

Àwọn mìíràn a máa tọ́ka sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé, pé níbẹ̀ ẹni tí ó bá wù lè ra ìbọn. Wọn kò sọ ọ́ tán. Ní ilẹ̀ náà tí ìbọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìbọn kúkúrú ni òfin yà sọ́tọ̀. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ní ráífù kúkúrú forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí ó sì san owó-orí igba dọ́là. Lónìí, ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó ínǹṣì 16 ni wọ́n kà sí kúkúrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni wọ́n fagi lé owó-orí náà, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á rárá. Àwọn náà mọ̀ pé ohun tí ó rọrùn láti fi pamọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kù fún ìjọba. A kò lè ní kí ọdẹ gba ìwé àṣẹ kí a sì sọ ọ̀nà rẹ̀ di ọ̀nà ọ̀run. Àgbẹ̀ ọdẹ tí ó ń gbé ní abúlé kò lè máa lọ sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ṣakabùlà kan. Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá máa yan ọjọ́ tí wọn yóò wá sí Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn, Ìsin, Òkè-Ẹ̀rọ́ àti Èkìtì, kí wọ́n jókòó pẹ̀lú ọba àti Olúọdẹ, kí Olúọdẹ jẹ́rìí sí ìwà ẹni tí ó ń bèèrè, kí a sì ṣe ìwé náà ní gbangba láìsí owó ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ sì kù fún àwa ọmọ ọdẹ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wa ni ìbọn bàbá wa ṣì wà lórí àjà láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Ìwé àṣẹ bàbá, bí ó bá tilẹ̀ ní in, orúkọ bàbá ni ó wà níbẹ̀. Kò di ti ọmọ nítorí pé ọmọ jogún ilé. Kí olórí ẹbí kó àwọn ọmọ jọ, kí wọ́n lọ fi tó ọlọ́pàá létí kí wọ́n tó gbé ìbọn náà kúrò níbi tí ó wà. Bí ẹnìkan nínú wọn bá yẹ fún un, kí ó tọrọ àṣẹ ní orúkọ ara rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n dá a padà fún ìjọba. Kò tàbùkù òkú ọdẹ pé ìbọn rẹ̀ kò sí lórí àjà mọ́. Ohun tí yóò tàbùkù rẹ̀ ni kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ìbọn náà ṣeré, kí ó sì fi pa àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ ìlú, ẹ tọ Olúọdẹ lọ, kí ẹ kọ́ igbó kí ẹ tó kọ́ ìbọn. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ yín bá mú ìbọn kúkúrú wálé pé òun fi ń ṣọ́ yín, ẹ má ṣe yìn ín. Ẹ bi í léèrè ìwé rẹ̀, ẹ sì bi í léèrè ẹni tí ó mọ̀ sí i. Bí kò bá ní èsì sí méjèèjì, kí ìbọn náà má sun ilé yín mọ́jú.