Mínírà Inú Omi àti Mínírà Inú Ìgò



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí kan. Wọ́n ní omi kànga ẹ̀rọ ni ó ń mú àwọn ọmọ sanra jù, nítorí nǹkan funfun tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi. Ní èrò tiwa, ẹ̀sùn yìí kò tọ́ sí omi rárá.

Kí ni nǹkan funfun náà? Kálísíọ̀mù àti màgnísíọ̀mù ni. Inú òkúta abẹ́ ilẹ̀ ni omi ti ń kó wọn, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ tètè hó. Kálísíọ̀mù ń ran eegun lọ́wọ́, màgnísíọ̀mù ń ran iṣan àti ọkàn lọ́wọ́. Omi Zamzam pàápàá ní méjèèjì nínú. Kò sí ṣúgà nínú wọn, kò sí ọ̀rá. Kí ni yóò wá di ẹran sí ọmọ lára?

Èyí kò sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú omi ni ó dára. Fúlóráìdì díẹ̀ ń dáàbò bo eyín, ṣùgbọ́n bí ó bá ju mílígírámù 1.5 lọ nínú lítà omi kan, tíí ṣe òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́. Òjé burú ju èyí lọ. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, ó sì pa ọmọdé tí ó tó 400. Ojú kì í rí òjé nínú omi, síse kì í sì í mú un kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga, kí ó gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ìsanrajù. Mínírà tí ó ń fà á, inú ìgò ni ó wà. Orúkọ náà ni ó ń tan wá jẹ. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó máa ń fi afẹ́fẹ́ sínú omi kí ó lè jọ omi orísun tí ó ní mínírà nínú. Nígbà tí ó yá, ṣúgà wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Lónìí, ìgò kólà onísẹ̀ǹtílítà 50 tí a fi ṣúgà nìkan ṣe máa ń ní ṣúgà tí ó tó giramu 50. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ṣúgà tí ó yẹ kí àgbàlagbà má kọjá ní odindi ọjọ́ kan; kí ni ká ti sọ ti ọmọ ọdún mẹ́jọ? Ibẹ̀ ni ìsanrajù, eyín jíjẹrà àti àtọ̀gbẹ ti ń wọlé.

Ìjọba mọ ewu yìí. Òfin ìnáwó ọdún 2021 bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn. Àwa náà ńkọ́? Bí a bá ń ṣe wòlímọ̀ Al-Kùráánì, kéréètì mínírà ni a fi ń díwọ̀n iyì. Bí òbí kan bá gbé omi kalẹ̀, àwọn ènìyàn yóò ní ahun ni. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Al-Kùráánì a mu ìgò mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì máa yìn ín pé ó ń sanra, pé ara tù ú.

Àbá wa ni pé, láti wòlímọ̀ tí ń bọ̀, omi tí ó mọ́ ni kí a kọ́kọ́ gbé fún àlejò àti ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe sàráà kéréètì mẹ́wàá, kí ó fi ìdajì owó náà ṣe àyẹ̀wò omi ilé-kéú. Ìyẹn kì í ṣe ahun, àánú fún àwọn ọmọ wa ni.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi máa sìn Ín. Àmín.