Tẹ́sítà Kì í Ṣe Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Nínú gbogbo òwe tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, bóyá ni ọ̀kan wà tí a ti ṣì lò tó èyí tí ó ní bí a gún iyán nínú ewé, bí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó yóò yó. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni òwe náà fún ẹni tí kò ní odó. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tí odó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó ń pa á. Òun ni àwọn kan nínú àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń dá oníbàárà lóhùn nígbà tí wọ́n bá ti fi tẹ́sítà ba orí sukúrù jẹ́. Òwe yìí kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìwà tí a ń fi í bò mọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ bá jà.

Kò wọ́pọ̀ kí á wọ ilé kan kí á má bá tẹ́sítà níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tínrín kan ni. Ike tí a lè rí inú rẹ̀ ni èkù rẹ̀, gílóòbù bíńtín kan sì wà nínú èkù náà. Bí a bá fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà, tí a fi ìka kan ìdí rẹ̀, gílóòbù náà yóò tàn bí iná mànàmáná bá wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa ti fi í tú rédíò, a ti fi í tú fáànù, a ti fi í ṣí agolo ọ̀dà, a sì ti gbé e dé inú kọ̀ǹpútà, níbi tí sukúrù mìíràn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Bí a bá sì wá tẹ́sítà tì, ọ̀bẹ ilé ìdáná yóò di sukudíráfà.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni, pé ohun tí ó bá wà lọ́wọ́ ni Yorùbá fi ń ṣiṣẹ́. N kò gbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olóólà bóyá ó jẹ́ fi ọ̀bẹ ìgéran kọ ilà sí ojú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílù ìdí tí ó fi ń fi kọ̀ǹgọ́ lu dùndún, tí ó sì ń fi bílálà na ojú kékeré bàtá. Agbẹ́gilére a máa fi àáké la igi, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá kan ojú àti ètè ère, ọ̀bẹ ni yóò mú. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí yóò sọ fún yín pé irin kan náà ni gbogbo irin. Àwa tí a gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àjèjì ni a ju ìmọ̀ yẹn sí ẹ̀yìn, tí a wá ń pe ìmẹ́lẹ́ ní àṣà.

Sukúrù náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àtijọ́, ojú gbọọrọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń là sí i lórí, irin a sì máa yọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní 1908, P. L. Robertson ará Kánádà gbé olójú onígun mẹ́rin jáde. Ní 1936, Henry Phillips, ará ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún olójú àgbélébùú, èyí tí J. P. Thompson ti kọ́kọ́ ronú kàn. General Motors sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ọkọ̀ Cadillac. Ojú àgbélébùú a máa darí irin sí àárín gbùngbùn sukúrù fúnra rẹ̀, iṣẹ́ a sì máa yá. Ìṣòro iṣẹ́ ni ó bí i. Wọn kò fi dá àrà lásán.

Àgbélébùú yìí ni ó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni a fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. PH2 ni ó bá sukúrù ara àpótí kọ̀ǹpútà orí tábìlì mu, àti àwọn tí ó di pátákó ńlá inú rẹ̀ mú. PH1 tàbí PH0 ni ó sábà máa ń bá sukúrù kékeré tí ó di SSD mú lára mu. PH0 àti PH00 ni a ń lò jù fún abẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Olójú bí ìràwọ̀ tí a ń pè ní Torx ń bẹ lórí ìdérí ọ̀pọ̀ hard disk. Bí a bá ki PH0 bọ ojú PH2, yóò máa yí lófo. Bí a bá ki PH2 bọ ojú PH0, kò ní wọlé. Bí a bá sì fi agbára kún un, orí sukúrù yóò họ. Irin tí ó yẹ a máa jókòó síbẹ̀ láìmì, kí ọwọ́ tó yí i rárá.

Kí a tún wo èkù. Èkù PH2 gbọ́dọ̀ nípọn kí ó kún ọwọ́, kí irin rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 150, kí ó lè dé ìsàlẹ̀ àpótí. Ti àwọn kékeré gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìdí rẹ̀ máa yí nínú àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí ìka ń lọ́ ọ. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo irin rẹ̀, tí wọ́n kọ 1000V sí lára, iṣẹ́ oníná ni wọ́n ṣe é fún. Rọ́bà náà kì í sì í jẹ́ kí ó wọ ihò tóóró.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo rí kọ̀ǹpútà alágbèéká akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti ìsọ̀ àtúnṣe kan dé. Sukúrù mọ́kànlá ni ó yẹ kí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin ni mo kà. Orí méjì nínú mẹ́rin náà ti di pẹrẹsẹ. Wọ́n ti ki gígùn sí ihò kúkúrú, ẹnu rẹ̀ sì ti ti ike sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìtẹ̀wé. Àpilẹ̀kọ tí ọmọ náà yóò fi gba oyè wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tí yóò bá tún un ṣí yóò ní láti fi irin lu orí sukúrù náà jáde, ẹ̀bu irin yóò sì máa wá ọ̀nà àtibọ́ sórí pátákó tí iná ń gbà kọjá. Ẹ̀yìn àtúnṣe ni àrùn dé.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ jẹ oyin ni ó ni àáké. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni ẹ̀yin ń fi ẹnu rẹ̀ la àpáta! Wọn yóò ní kò sí owó. Ṣé owó irin mẹ́rin yìí tó owó ojú kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n bá fọ́?

Ẹ̀sùn kan wà tí mo gbà. Òyìnbó náà a máa ṣe sukúrù míràn kí onílé má baà lè ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ní 2009, Apple fi èyí tí ojú rẹ̀ rí bí òdòdó elépo márùn-ún di bátìrì MacBook Pro mú. Ní 2011, ó ti dé ara iPhone 4, nígbà tí kò sí irin tí yóò tú u ní ọjà gbogbo. Ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan ni. Ṣùgbọ́n a kò fi ọ̀bẹ ilé ìdáná ṣẹ́gun rẹ̀: àwọn tí ó jókòó wo ojú sukúrù náà dáadáa, tí wọ́n rọ irin tí ó bá a mu, ni wọ́n ṣẹ́gun. Irin náà sì ti wà ní ọjà báyìí.

Irọ́ kan tún kù tí mo fẹ́ fọ́: pé sukudíráfà tí ó ní mágínẹ́ẹ̀tì ní ẹnu yóò pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a ń kó iṣẹ́ sínú dísìkì pẹlẹbẹ, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n láti 2011 ni Sony ti dáwọ́ títà wọn dúró. Nínú hard disk gan-an, mágínẹ́ẹ̀tì alágbára ń bẹ, ó lágbára ju ti ẹnu sukudíráfà lọ fíìfíì. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré náà kò ní ìpalára. Òun ni kì í jẹ́ kí sukúrù jábọ́ sínú ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe tí ó yẹ kí a kọ sí ara ògiri ìsọ̀ nìyẹn. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà lọ fún àtúnṣe, ẹ ka sukúrù abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ní kí oníṣẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde kí ẹ rí i. Bí ó bá kó irin tí ó ní nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Bí tẹ́sítà ni ó bá fà yọ, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ máa lọ.