Adìẹ Tó Bá Ti Lórúkọ

Ọ̀rọ̀ adìẹ la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Adìẹ kẹ̀? Kí ló kù tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ wa nípa adìẹ?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ìwà.

Adìẹ mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Finglas níbí. Àwọn ọmọ ló sọ wọ́n lórúkọ: Ìyá Ọjà, Ológe, Amẹ̀bọ àti Dúdúyẹmí. Kí oṣù kan tó pé, ọmọ tó kéré jù nílé ti lè dijú sọ èyí tó ń ké nínú wọn.

Ìyá Ọjà ni ọ̀gá. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ṣáájú rẹ̀. Amẹ̀bọ ní tirẹ̀, tí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń yọ ojú wo ohun tí a ń ṣe. Lọ́jọ́ kan ó wọ ilé ìdáná, ó sì dúró ti ìkòkò bí ẹni pé òun ló ń sè é. Ológe á wá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, á gbẹ́ ẹ, á wá máa fi erùpẹ̀ wẹ̀ títí gbogbo ara rẹ̀ á fi di eruku. Ẹ má pè é ní ọ̀bùn o. Bí adìẹ ṣe ń wẹ̀ nìyẹn, erùpẹ̀ yẹn ló ń bá a tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. Dúdúyẹmí kì í bá wọn jà rárá, àfi bó bá ń sàba. Bó bá ti ń sàba, bẹ́ ẹ bá na ọwọ́ sí i, á wú bí bọ́ọ̀lù, á sì ṣá yín jẹ. Kò tilẹ̀ sí ẹyin kankan lábẹ́ rẹ̀! Àkùkọ ò sí lọ́dọ̀ wa, ẹyin tí wọ́n ń yé kò lè pa. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un?

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti jókòó ti adìẹ rí. Ọmọ Norway kan wà tó ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń wo adìẹ láti kékeré. Ní ọdún 1921 ló kọ ọ́ síwèé pé nínú agbo adìẹ, olúkúlùkù ló mọ ẹni tí òun lè ṣá jẹ àti ẹni tó lè ṣá òun jẹ. Bí àjèjì bá wọ àárín wọn, ìjà á tún bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ipò ara wọn. Àwọn mìíràn tún tẹ́tí sí igbe wọn, wọ́n rí i pé ó lé ní ogún oríṣi. Igbe tí adìẹ ń ké nígbà tí àṣá bá ń bọ̀ lókè yàtọ̀ sí èyí tó ń ké bí ohun búburú bá ń rìn bọ̀ nílẹ̀. Òròmọdìẹ tí kò tíì jáde nínú èèpo ẹyin ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá náà sì ń dá a lóhùn.

Ṣé ó ya yín lẹ́nu? Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn baba wa ló ní òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Àwọn ló rí i pé adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó sì ń gbé òkúta mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Òótọ́ ni o. Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ló ń bá a lọ ọkà nínú ìwe rẹ̀. Wọ́n tún ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ká sọ tòótọ́, adìẹ kì í làágùn. Bí ooru bá mú un, ẹnu ló máa ń là, á máa mí lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ṣìnà: adìẹ tó ń ṣàìsàn máa ń fi í pa mọ́ títí àìsàn á fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tí kò bá ń wò ó lójoojúmọ́ kò ní í mọ̀. Ta ló lè pa irú òwe wọ̀nyí bí kò ṣe ẹni tó ti jókòó wo adìẹ dáadáa?

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ agbo awo mọ ìtàn Ilé-Ifẹ̀, bí adìẹ onííka ẹsẹ̀ márùn-ún ṣe tan ilẹ̀ ká orí omi. Ìka mẹ́rin ni adìẹ tó pọ̀ jù ń ní. Ṣùgbọ́n onííka márùn-ún wà lóòótọ́: Dorking ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní márùn-ún, Silkie náà ní márùn-ún. Ẹyẹ tí ìtàn wa gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ṣé ó yẹ ká máa pè é ní "adìẹ lásán"?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyí. Adìẹ márùn-ún la ní tẹ́lẹ̀. Ìkarùn-ún ń jẹ́ Arẹwà. Àlejò pàtàkì ń bọ̀, a sì pa Arẹwà nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé-ìwé. Ọmọ tó sọ ọ́ lórúkọ dé, ó bu àgbàdo sọ́wọ́, ó ń pè é yí ẹ̀yìnkùlé ká. A ní ó ti bá ẹnì kan lọ sí òkèèrè. Nígbà tó yá, ọmọ náà lọ da ìdọ̀tí nù, ó sì rí ìyẹ́. Kò sunkún, kò bi wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún fi orúkọ pe adìẹ kankan lójú wa, ó sì pẹ́ kó tó gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ láìkọ́kọ́ wo ojú wa.

Àwọn àgbà kan ní a ti ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Wọ́n ní nílé, adìẹ ni wọ́n fi ń ṣe àlejò, ọmọ kankan ò sì torí ẹ̀ ṣàìsàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nílé, adìẹ pọ̀ lágboolé, ojú ọmọ ni wọ́n ṣe ń pa á, ọmọ náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tu ìyẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Adìẹ mẹ́rin nínú ọgbà kékeré ní Finglas, tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ adìẹ. A ò sì ní kí ẹ dáwọ́ ohun tí àṣà ní kí ẹ fi adìẹ ṣe dúró. Ohun tí a sọ ni pé kí a sọ òótọ́ ṣáájú. Èyí tó bá jẹ́ ti ìkòkò, kí ọmọ mọ̀ kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó bá ti lórúkọ, kí ó dàgbà kó sì gbó lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ awo, ó tún kàn yín jù. Ẹni tí kò mọ ìwà ohun tó mú lọ́wọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iye rẹ̀?

Ẹ má sì dá adìẹ lẹ́bi láìmọ̀dí. Bí òtútù bá dé tí ẹyin bá wọ́n, wọn á ní, "Ó ti di ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ ká pa á." Ọ̀lẹ kọ́. Adìẹ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́ kó tó lè máa yé déédéé. Nígbà tí ọjọ́ kúrú jù ní oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ní Dublin kò ju bíi wákàtí méje àtààbọ̀ lọ. Ẹ ní sùúrù. Bí ọjọ́ bá ti ń gùn, ẹyin á dé.

Ẹni tó bá fẹ́ sin ín, kó sin ín bó ṣe yẹ. Ní Ireland, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹyọ adìẹ kan. Òfin kò sì gbà kí ẹ fún un ní àjẹkù ilé ìdáná, ìrẹsì àná kò sí níbẹ̀ o. Bí ìjọba bá ní kí adìẹ má jáde nítorí bird flu, bí wọ́n ṣe pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ẹ ti ilẹ̀kùn. Lálẹ́, ẹ tún un tì, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Dublin kì í sùn.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe Dúdúyẹmí lórúkọ. A gbọ́ ọ lójú fèrèsé. A ò sọ nǹkan kan, a kàn dúpẹ́.