Ìbọn Ọdẹ Kétu: Òkúta Kọ́ ni Àṣà

Àwọn kan a máa sọ pé ìbọn olókùúta nìkan ni ìbọn baba ńlá, àti pé ọdẹ tó bá gbé ìbọn onífìlà bàbà wá síbi ayẹyẹ Alákétu ti já okùn ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é.

Ẹnu ni a ti ń ki ìbọn méjèèjì. Ibi tí iná ti ń wá ni wọ́n ti yàtọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, òkúta a gbo irin, iná a ta pàrà sórí ẹ̀tù inú àwo kékeré. Nínú ti kejì, òòlù a lu fìlà bàbà kékeré, iná a sì gba ihò wọlé. Alexander Forsyth, àlùfáà ará Scotland tó ń dọdẹ ẹyẹ, ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn tí lílù ń mú gbiná, ní 1807. Ẹyẹ a máa rí iná inú àwo, a sì fò kí ọta tó dé. Láti inú ọgbọ́n yìí ni fìlà bàbà ti jáde. Ìṣòro ọdẹ ló bí i.

Kí ló wá mú òkúta pẹ́ nílẹ̀ wa? Ní 1890, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Dàhómì tú Kétu, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn ní Brussels. Wọ́n ká kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá púpọ̀ ní Áfíríkà lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda ìbọn olókùúta tí inú ọ̀pá rẹ̀ kò ní ìlà. Òfin àjèjì lọ́wọ́ nínú ohun tí a ń pè ní yíyàn baba ńlá.

Òótọ́ ni pé òkúta kan a yìn lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí fìlà kan kò kọjá ìró kan; bó bá tán, ọdẹ á máa wojú ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n òjò Kétu kò mọ ìtàn. Bí ẹ̀tù inú àwo bá tutù níwájú ẹran tó gbọgbẹ́, ẹ̀mí ọdẹ ló wà nínú ewu.

Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó lọ́jọ́ lórí jù ni àṣà, ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń bọ lórúkọ Kétu ní Brazil títí dòní, ni ìbá lé ìbọn méjèèjì jáde.

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ìbúra níwájú Ògún àti ìrèmọ̀jé ni ogún tòótọ́. Kí a tọ́jú ìbọn olókùúta sí ààfin, kí a kọ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ bí a ti ń rọ ọ́, ṣùgbọ́n kí a má lé ọdẹ kankan kúrò lágbo. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a kọ ẹnu rẹ̀ sí òun?