Ẹ̀sùn Lórí Kámẹ́rà Abuja àti Èkó

Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ni mo fẹ̀sùn kàn, àti gbogbo ẹni tí ètò yìí ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá láti 2010. Ọdún náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ kámẹ́rà ìṣọ́ fún iléeṣẹ́ ZTE ti ilẹ̀ Ṣáínà ní 470 mílíọ̀nù dọ́là: 1,000 kámẹ́rà fún Abuja, 1,000 fún Èkó. Báńkì Exim ilẹ̀ Ṣáínà ló yá wa ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: wọ́n náwó náà, iṣẹ́ kò sì jẹ́. Bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ nìyí: bí ọkọ̀ afurasí bá kọjá níwájú kámẹ́rà kan, kámẹ́rà yẹn á ya àwòrán rẹ̀, á sì fi àkókò sí i. Bó bá kúrò lójú rẹ̀, èyí tó wà ní oríta tó kàn ló yẹ kó gbà á. Ìyẹn gba kí aago gbogbo wọn bára mu, kí iná má kú, kí ìsopọ̀ wọn má já, kí ọlọ́pàá sì wà nídìí ẹ̀rọ tí yóò ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lójú pópó. Ṣùgbọ́n òpó nìkan ni aráàlú rí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2014, bọ́ǹbù pa ènìyàn tó lé ní 70 ní ibùdókọ̀ Nyanya, létí Abuja. Lẹ́yìn ọjọ́ 17, wọ́n tún gbé ọkọ̀ bọ́ǹbù wá sí tòsí ibẹ̀. N kò sọ pé kámẹ́rà ì bá dá bọ́ǹbù dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn gba ojú ọ̀nà wá, ibì kan ló sì ti wá. Kámẹ́rà tó so kọ́ra dáadáa ì bá ràn wá lọ́wọ́ láti tọpa rẹ̀ padà dé ibẹ̀. Àwọn tí èèyàn wọn kú ní Nyanya lẹ́tọ̀ọ́ sí irú ìtọpa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì ló dùn mí jù. Nígbà tí Zainab Ahmed jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, ó sọ pé à ń san gbèsè náà, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí iṣẹ́ náà dé. Ẹni tó di àpò ìlú mú ló sọ bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀kẹta, wọ́n fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. SERAP, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, ní láti gba ilé ẹjọ́ lọ kí Adájọ́ Emeka Nwite tó pàṣẹ ní 2023 pé kí ìjọba ṣàlàyé owó náà fún aráàlú.

Ẹ̀kẹrin: kámẹ́rà tó lè tọpa olè lè tọpa akọ̀ròyìn, ó lè tọpa obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ń lù ú. Síbẹ̀, 2023 ni Nàìjíríà tó ṣòfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ gba ìwé àdéhùn náà síta, ẹ dárúkọ àwọn tó gbowó, kí ẹ tó fọwọ́ sí kọ́bọ̀ kan fún kámẹ́rà mìíràn.