Kúrùnà Ológbò Kì í Ṣe Iṣẹ́ Àjẹ́

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ológbò. Nígbà tí ó bá ń pa eku fún wa, a fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irun orí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í re, tí ojú rẹ̀ hunjọ bí ojú arúgbó, tí ó sì ń ha ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kíá ni àwọn kan lára wa yóò ti sọ pé àjẹ́ ni, wọn a sì gbé òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a fi òye ṣe é. Kúrùnà ni. Kòkòrò tíntìntín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Notoedres cati ni ó ń fà á. Abo rẹ̀ a gbẹ́ ihò sínú awọ ológbò, a sì yé ẹyin síbẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ẹyin náà ti di kòkòrò tó dàgbà. Etí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú, kí ó tó dé ojú àti ọrùn. Èépá tó nípọn ni ó ń mú kí ojú hunjọ. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹran náà lè rù títí yóò fi kú.

Ó ń ran ológbò mìíràn. Ó sì lè mú kí ara ọmọ tí ó ń gbé e mọ́ra máa yún un, kí ó sì yọ ìléròrò. Ẹ má fòyà: kòkòrò yìí kì í pọ̀ sí i lára ènìyàn. Bí ológbò bá ti rí ìwòsàn, ara yíyún náà a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

A bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò tàbí kẹrosíìnì ra á lára. Ẹ má fi omi apakòkòrò tí ń funfun bí wàrà wẹ̀ ẹ́. Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ ara rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi pa awọ rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ń lọ. Oògùn ajá pàápàá lè pa á: permethrin tí ajá ń fara dà, gìrì ni ó ń fà fún ológbò.

Dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ bá. Yóò ha èépá díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí làpálàpá àti àìsàn awọ mìíràn lè jọ kúrùnà. Selamectin tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, ivermectin náà wà, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò wo bí ẹran ti wúwo tó, kí ó tó mọ iye tí yóò fún un. Gbogbo ológbò inú ilé ni kí ẹ tọ́jú pọ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé, kí ẹ sá a sóòrùn.

Ẹran kò lè fi ẹnu sọ ibi tí ń dùn ún. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ lé irú ológbò bẹ́ẹ̀ ní òkúta, ẹ pè wọ́n, kí ẹ fi etí rẹ̀ hàn wọ́n, kí ẹ sì ṣàlàyé. Kí Olúwa fi àlàáfíà sí ilé yín.